Ọfà Inú Òòfà: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àwọn Ohun Agbọ́fà Onílà Kan

1. Ìfáàrà

Ẹni tí ó bá ń kọ Yorùbá láìfi àmì ohùn sí i yóò rí i pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lójú: Ọ̀fà tí í ṣe ìlú ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ọfà tí ọdẹ ń ta, àti òòfà tí ń fa irin mọ́ra. Ìtàn ìlú náà ti so méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, nítorí pé Ọlọ́fàgangan ni a ń ki Ọlálọmí tí ó tẹ Ọ̀fà dó. Ẹ̀kẹta, èyíinì ni òòfà, ni ó fa àpilẹ̀kọ yìí. A ó gbìyànjú láti fi hàn pé ọfà àti òòfà kì í ṣe àlejò sí ara wọn nínú ìmọ̀ físíìsì, àti pé bí a kò bá fi ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, àṣìṣe ni a ó máa kọ́ àwọn ọmọ wa.

Ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó bí ọ̀rọ̀ náà. Ní Ọ̀fà ni, nínú kíláàsì kan tí mo ti ń fi Yorùbá ṣe àlàyé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Mo gbé ìṣó díẹ̀ sórí tábìlì, mo gbé òòfà kan tì í, mo sì gbé òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ búlúù ti bàbà sọ́fẹ́ẹ̀tì tì wọ́n. Mo ní nínú òkúta búlúù yìí ni a ti rí ọ̀kan nínú àwọn òòfà onílà kan tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò fínnífínní. Akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde, ó mú òkúta náà, ó fi kan ìṣó. Ìṣó kò mì. Ó wá bi mí pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, bí ó bá jẹ́ òòfà, kí ni ó ń fà?" N kò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo rò ó lẹ́yìn náà, mo rí i pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́, kì í sì í ṣe ti òkúta. Ẹ̀bi ọ̀rọ̀ tí mo lò ni.

2. Ibi tí agbára ọ̀rọ̀ náà mọ

Láti ara "fà" ni a ti ṣẹ̀dá òòfà. Ohun tí ń fà ni. Ọ̀rọ̀ tí ó yé tọmọdé tàgbà ni, kò sì sí ẹni tí yóò fẹ́ kí a sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n ẹrù ti pọ̀ jù lórí rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, òun náà ni a ń lò fún agbára tí ń mú kí ọsàn já sílẹ̀ láti orí igi, tí a ń pè ní òòfà ilẹ̀. Agbára méjì tí kò bára tan ni a sọ ní orúkọ kan náà báyìí. Ọ̀kan ń fa gbogbo ohun tí ó ní ìwúwo, ìbáà jẹ́ irin, ìbáà jẹ́ òwú. Èkejì kò bìkítà fún ìwúwo rárá.

Àwọn tí ó ṣáájú wa nínú iṣẹ́ yìí ti la ọ̀nà. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, tí ó fi mọ́ sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ní ọdún 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ jáde. Ìwé yẹn jẹ mọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Kò dé orí físíìsì. Síbẹ̀, ìlànà ṣíṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí a fi ṣe é wúlò fún wa: kí a fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lójú, kí a so ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀, kí a ṣe àpèjúwe, tàbí kí a yá ọ̀rọ̀ lò.

Àbá wa àkọ́kọ́ nìyí: kí a máa pe agbára tí ń fa nǹkan wá sílẹ̀ ní ìfàmọ́lẹ̀, kí òòfà lè ráyè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan.

Bí a bá ti ṣe èyí tán, ìṣòro kejì yóò yọjú. Àmì òde lásán ni fífà jẹ́. Ohun tí ó fà á wà nínú lọ́hùn-ún, lára ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan dà bí òòfà kékeré kan tí ó ní ibi tí ó kọjú sí. Nígbà kan mo ti rò pé òkòtó tí àwọn ọmọdé ń ta ni ó yẹ kí a fi ṣe orúkọ ànímọ́ yìí, nítorí pé "yíyí" ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fi sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kì í ṣe ọta tí ń pòòyì. Bí a bá pè é ní òkòtó, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ní làákàyè yóò bi wá ní ìgbà mélòó tí ó ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan, ìbéèrè náà kò sì ní ìtumọ̀. Ọfà sàn jù. Ọfà ní orí, ó ní ìdí, ó sì ní ibi tí ó kọjú sí. Kò sọ ju ohun tí a mọ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ físíìsì jákèjádò ayé pàápàá, ọfà ni wọ́n ń yà sínú ìwé bí wọ́n bá fẹ́ fi ànímọ́ yìí hàn.

Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì bá jọ wọ iyàrá kan náà nínú átọ́ọ̀mù, ọfà ọ̀kan a kọjú sókè, ti èkejì a kọjú sísàlẹ̀, wọn a sì pa ara wọn rẹ́. Báyìí ni ó rí nínú omi, nínú iyọ̀ àti nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí a ń lò lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n nínú bàbà sọ́fẹ́ẹ̀tì, ọfà kan ṣẹ́ kù lára bàbà kọ̀ọ̀kan tí kò ní ẹnìkejì. Nínú máńgáníìsì tí àwọn oníkẹ́místírì sábà máa ń lò fún iṣẹ́ yìí, ọfà márùn-ún ni ó ń ṣẹ́ kù.

Orúkọ wo ni kí a wá fún ohun tí ó ní irú ọfà bẹ́ẹ̀ nínú? Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn ni "ọlọ́fà". Ṣùgbọ́n oyè ọba Ọ̀fà nìyẹn, kò sì yẹ kí a máa fi oyè ọba pe òkúta. A dábàá agbọ́fà, èyíinì ni ohun tí ó gbé ọfà. Gbogbo òòfà ni ó jẹ́ agbọ́fà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo agbọ́fà ni ó jẹ́ òòfà. Bí mo bá ti ní gbólóhùn yìí lẹ́nu lọ́jọ́ náà, ìṣó tí kò mì kì bá tí dójú tì mí.

3. Ìjàkadì àwọn ọfà

Kí ni ó wá ń sọ agbọ́fà di òòfà? Bí ọfà kan ṣe ń bá aládùúgbò rẹ̀ lò ni. Nínú àwọn ohun onímólíkù, átọ́ọ̀mù tí ó gbé ọfà kì í sábà fara kan ara wọn. Mólíkù mìíràn ni ó máa ń dúró láàárín wọn bí afárá, orí afárá yìí sì ni pàṣípààrọ̀ ti ń wáyé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Irú afárá tí ó bá wà níbẹ̀ ni yóò sọ bí àwọn ọfà méjèèjì yóò ṣe kọjú.

Ìlú tí a mọ ìjàkadì mọ́ ni Ọ̀fà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fi ìjàkadì ṣe àpèjúwe. Bí àwọn ọkùnrin méjì bá jọ ti ògiri kan náà láti ìhà kan náà, agbára wọn a di ọ̀kan. Èyí ni ìjùmọ̀kọjú. Bí ìjàkadì méjì tí agbára wọn dọ́gba bá dira mú, tí oníkálukú ń ti ẹnìkejì rẹ̀, ilẹ̀ a máa gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, síbẹ̀ ẹni tí ó dúró lókèèrè yóò rò pé ńṣe ni wọ́n dúró jẹ́ẹ́. Èyí ni ìkẹ̀yìnsíra: ọfà kan sókè, ọfà kan sísàlẹ̀, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ òfo. Ṣùgbọ́n bí òmìrán bá dira mú pẹ̀lú ọmọdékùnrin, bí wọ́n tilẹ̀ ń ti ara wọn, ibi tí òmìrán bá fẹ́ ni wọn yóò jọ máa lọ. Èyí ni ìkẹ̀yìnsíra aláìdọ́gba. Ọ̀nà kẹrin ni pé kí oníkálukú máa ṣe tirẹ̀ láìka aládùúgbò sí, èyí tí a lè pè ní ọfà olómìnira. Bí bàbà sọ́fẹ́ẹ̀tì ṣe rí nìyẹn nínú ìgbóná ilẹ̀ wa, tí ó jẹ́ nǹkan bíi 300 lórí òṣùwọ̀n Kelvin. Òòfà ńlá a máa fà á díẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá gbé òòfà náà kúrò, àwọn ọfà rẹ̀ a tún tú ká.

4. Ìdí tí ìlà kan kò fi lè di ìlú

A wá dé orí kókó ọ̀rọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí á ro àwọn ọfà tí a tò ní ìlà kan ṣoṣo bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ní ju aládùúgbò méjì lọ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ṣé wọ́n lè di òòfà?

Wilhelm Lenz ní Hamburg ni ó gbé ìbéèrè yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ Ernst Ising. Ní ọdún 1925 ni Ising tẹ èsì rẹ̀ jáde: kò ṣeé ṣe, àfi bí ìgbóná bá di òfo pátápátá. Ọ̀nà ojú irin tí ó gba Ọ̀fà kọjá lè ràn wá lọ́wọ́ láti lóye ìdí rẹ̀. Láti Òṣogbo, nípa Ìkìrun, títí dé Ọ̀fà àti Ìlọrin, ojú irin kan ṣoṣo ni. Bí ibì kan bá já lórí rẹ̀, ìròyìn láti ìsàlẹ̀ kò lè dé òkè mọ́, nítorí pé kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Bákan náà ni ó rí nínú ìlà ọfà. Bí ọfà kan bá ṣi ìròyìn gbọ́, tí ó kọjú síbòmíràn, gbogbo àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò tẹ̀lé àṣìṣe náà. Ààlà kan ti wọ àárín ẹgbẹ́ méjì nìyẹn. Iye tí ààlà yìí ń náni kò ju iye kan tí ó dúró lójú kan lọ, bí ó ti wù kí ìlà náà gùn tó, ṣùgbọ́n ibi tí a lè fi í sí pọ̀ bí ọfà ti pọ̀ tó. Nítorí náà, bí ìgbóná bá kéré tó, yóò máa rí owó san fún ààlà níbì kan.

Nínú ìlú gidi, ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ ní aládùúgbò níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn yóò sì tètè tún un ṣe. Ising rò pé ohun tí ó rí nínú ìlà kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀ nínú ohun tí ó ní òró, ìbú àti gíga. Ibẹ̀ ni ó ti ṣìnà. Ní ọdún 1936, Rudolf Peierls fi hàn pé lórí ìtẹ́jú, irú àwọn ọfà wọ̀nyí lè ṣọ̀kan, Lars Onsager sì ṣe ìṣirò rẹ̀ láṣeparí ní ọdún 1944.

A dábàá ọ̀rọ̀ méjì níhìn-ín. Bí ọfà díẹ̀ tí ó wà nítòsí ara wọn bá fìmọ̀ ṣọ̀kan, a ó pè é ní ètò àdúgbò. Bí ìṣọ̀kan náà bá kárí gbogbo ohun náà, a ó pè é ní ètò ìlú. Nínú ìlà kan, bí òtútù ti ń pọ̀ sí i ni àdúgbò ń gbòòrò sí i, ṣùgbọ́n kò lè di ìlú. Ní ti orúkọ ìlà náà fúnra rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni ì bá wù wá, ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé "òòfà ẹlẹ́wọ̀n", ẹni tí ìjọba tì mọ́lé ni àwọn ènìyàn yóò rántí. Àsokọ́ra onílà kan ni a fara mọ́.

5. Ohun tí ó wà nínú òkúta búlúù

Ó ku kí a mọ ìdí tí bàbà sọ́fẹ́ẹ̀tì fi wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí kò ṣọ̀wọ́n ni. Ó wà nínú iyàrá-ìwádìí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama; akẹ́kọ̀ọ́ a máa yan án lórí iná títí omi inú rẹ̀ yóò fi lọ, tí búlúù yóò sì di funfun. Òun náà ni àwọn olóko kòkó ń pò láti fi fín èso nítorí àrùn tí ń sọ ọ́ di dúdú. Omi mẹ́rin ni ó yí bàbà kọ̀ọ̀kan ká nínú òkúta náà, sọ́fẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ afárá láàárín wọn. Oríṣi ipò méjì ni bàbà wà nínú rẹ̀. Ìdajì wọn sokọ́ra ní ìlà, tí ọfà wọn ń kẹ̀yìn sí ara wọn. Ìdajì yòókù fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró pátápátá. Ṣùgbọ́n àjọṣe inú ìlà náà kò lágbára. Àfi bí a bá mú òkúta náà tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n kan lórí òṣùwọ̀n Kelvin, èyíinì ni 272 ìwọ̀n Celsius sí ìsàlẹ̀ òfo, ni a tó lè fojú rí iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 2013 ni àwọn onímọ̀ kan gbé àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Grenoble, nílẹ̀ Faransé, jáde. Wọ́n fi háídírójìn oníwúwo rọ́pò ti inú omi òkúta náà, wọ́n mú un tutù rékọjá ìwọ̀n kan Kelvin, wọ́n sì ta níútírọ́ọ̀nù lù ú. Bí níútírọ́ọ̀nù bá yí ọfà kan padà nínú àsokọ́ra olùkẹ̀yìnsíra, ààlà méjì ni yóò bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, oníkálukú a sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ọfà kan ni a yí, ṣùgbọ́n arìnrìn-àjò méjì ni a rí, ìdajì ìdajì ọ̀ràn náà sì wà lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n wọ̀n ni ó wá láti ọ̀dọ̀ irú arìnrìn-àjò méjìméjì bẹ́ẹ̀. Bí a bá ka ti mẹ́rinmẹ́rin mọ́ ọn, ó di nǹkan bí 99. Ìṣirò tí Hans Bethe bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1931 ni ó jásí òótọ́ nínú òkúta tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń yan lórí iná.

Ọ̀nà mìíràn wà tí a fi ń dá àsokọ́ra olùkẹ̀yìnsíra mọ̀, láìta ohunkóhun lù ú. Ohun tí a ń wọ̀n ni bí agbọ́fà ṣe ń jẹ́ ìpè òòfà tí a gbé sí i létí. A dábàá ìgbọ́ràn fún èyí. Bí ọfà bá jẹ́ olómìnira, bí òtútù ti ń pọ̀ ni ìgbọ́ràn ń pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú àsokọ́ra olùkẹ̀yìnsíra, ìgbọ́ràn a kọ́kọ́ ga, a dé orí òkè kan tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, a sì tún máa sọ̀ kalẹ̀, nítorí pé ìjàkadì àárín àwọn aládùúgbò kò jẹ́ kí wọ́n ráyè gbọ́ ìpè òde mọ́. Bonner àti Fisher ni ó ṣe ìṣirò àwòrán òkè yìí ní ọdún 1964.

6. Bí a ṣe ń sọ àsokọ́ra di òòfà

Bí àsokọ́ra kan ṣoṣo kò bá lè di ìlú, báwo ni àwọn oníkẹ́místírì ṣe rí òòfà nínú rẹ̀? Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà.

Ọ̀nà kìíní ni pé kí a kó àsokọ́ra púpọ̀ jọ, kí wọ́n sì máa sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí ara wọn láti ìlà dé ìlà. Ní ọdún 1987, Joel Miller àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ohun kan tí mólíkù onírin àti mólíkù aláìnírin tò tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀. Ó di òòfà ní ìwọ̀n 4.8 Kelvin. Ní ọdún 1988, Olivier Kahn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ Faransé to máńgáníìsì àti bàbà tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan. Ọfà márùn-ún ń bá ọfà kan jà: òmìrán àti ọmọdékùnrin gan-an nìyẹn. Mẹ́rin ni ó ń ṣẹ́ kù, ohun náà sì di òòfà ní ìwọ̀n 4.6 Kelvin. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìkẹ̀yìnsíra ni pàṣípààrọ̀ sábà máa ń mú wá, Kahn sì fi àìdọ́gba sọ ìjà di èrè.

Ọ̀nà kejì kò wá ìlú rárá. Ní ọdún 1963 ni Roy Glauber ti ṣe ìṣirò pé bí ọfà inú àsokọ́ra bá fẹ́ràn ìhà kan ju òmíràn lọ, bí wọ́n ṣe ń yí padà yóò máa lọ́ra gidigidi bí òtútù bá ti ń pọ̀. Fífẹ́ràn ìhà kan yìí ni a dábàá kí a pè ní ojúsàájú ìhà. Ní ọdún 2001, Dante Gatteschi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Florence, nílẹ̀ Ítálì, rí irú rẹ̀ nínú àsokọ́ra oníkóbọ́ọ̀tì. Bí a bá fi òòfà kọ àwọn ọfà rẹ̀ síbì kan, tí a sì gbé òòfà náà kúrò, ó ń pẹ́ kí wọ́n tó gbàgbé. Àsokọ́ra kọ̀ọ̀kan ni ó ń rántí fúnra rẹ̀, kò nílò aládùúgbò. Ising kò parọ́: ètò ìlú kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lọ́ra láti gbàgbé, lójú ẹni tí ń wò ó, ó dà bí ẹni tí ń rántí.

7. Àwọn ọ̀rọ̀-ìperí tí a dábàá

Ìfàmọ́lẹ̀: agbára tí ń fa gbogbo ohun oníwúwo sí ilẹ̀.
Ọfà: ànímọ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó ní ibi tí ó kọjú sí.
Agbọ́fà: ohun tí ọfà ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, ìbáà fa irin, ìbáà má fa irin.
Òòfà: agbọ́fà tí ọfà rẹ̀ ń kọjú síbì kan láìsí ìpè láti òde mọ́.
Ọfà olómìnira: ọfà tí kò ka aládùúgbò sí.
Ìjùmọ̀kọjú: kí ọfà aládùúgbò jọ kọjú sí ìhà kan náà.
Ìkẹ̀yìnsíra: kí ọfà aládùúgbò kẹ̀yìn sí ara wọn, kí àròpọ̀ wọn jẹ́ òfo.
Ìkẹ̀yìnsíra aláìdọ́gba: irú èyí tí ó ṣẹ́ èrè kù nítorí pé agbára kò dọ́gba.
Àsokọ́ra onílà kan: ọ̀wọ́ agbọ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ní ju aládùúgbò méjì lọ.
Ètò àdúgbò, ètò ìlú: ìṣọ̀kan ọfà nítòsí, ìṣọ̀kan ọfà jákèjádò.
Ìgbọ́ràn: bí agbọ́fà ṣe ń jẹ́ ìpè òòfà òde tó.
Ojúsàájú ìhà: kí ọfà fẹ́ràn ìhà kan ju òmíràn lọ.

8. Ìkádìí

Ẹ̀rọ tí ń mú nǹkan tutù dé ìwọ̀n mẹ́rin Kelvin kì í ṣe ohun tí a ń bá pàdé nínú ilé-ẹ̀kọ́ girama. Olùkọ́ tí yóò kọ́ni ní irú ẹ̀kọ́ yìí ní Ọ̀fà kò ní ju òkúta búlúù, ẹfun ìkọ̀wé àti ẹnu rẹ̀ lọ. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá wọ́, kò sí ohun mìíràn tí yóò tún un ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ka ọ̀rọ̀-ìperí sí ohun èlò iṣẹ́, tí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ èdè. A kò sọ pé àbá wa kò lábùkù. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju agbọ́fà lọ, kí ó mú un wá.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bi mí ní ìbéèrè, mo padà fún un lésì ní ọ̀sẹ̀ kejì. Mo ní òkúta náà kò fa nǹkan kan, nítorí pé kì í ṣe òòfà. Agbọ́fà ni, ọwọ́ àwọn ọfà inú rẹ̀ sì dí: ìgbóná ni wọ́n ń bá jìjàkadì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ Ọ̀fà ni wọ́n nígbà náà, sà."